Ṣé ẹni tó ní kí ogun òkè parí ti kọ̀yìn sáwọn sọ́jà wa ni?

Ìbéèrè, láti Àjàṣẹ́

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ bá mi dá sọ́rọ̀ yìí o. Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ àdúgbò wa fẹ́ tẹ tíṣáàtì fún ọjọ́ òmìnira, 1 oṣù Kẹjọ, wọ́n á ya àwòrán sọ́jà síwájú ẹ̀, wọ́n á kọ "A wà lẹ́yìn yín" sẹ́yìn ẹ̀, kálukú á dá 2000 fáránkì. Mo ní sọ́jà wo ló máa rí tíṣáàtì yẹn látinú igbó Alibori lápá àríwá Bẹ̀nẹ̀ tó wà, ṣé kò ní dáa ká kó owó ọ̀hún fún ìyàwó ọ̀kan nínú àwọn tó kú? Wọ́n ṣì ń rò ó o, ni mo bá tún fẹnu kọ, mo ní lójú tèmi, ogun tí sọ́jà wa ń bá àwọn jìhádíìsì jà yìí ti lé lọ́dún mẹ́rin, ó yẹ kẹ́nì kan máa sọ fún wa bó ṣe máa parí. Àfi bíi pé mo da epo síná. Akọ̀wé wa ní ṣé àwọn tó ń pa wá ni mò ń gbè lẹ́yìn ni, ẹlòmíì ní ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ pé kí ogun parí nígbà tí sọ́jà ṣì wà lójú ìjà, òun ló ń yin sọ́jà yẹn níbọn látẹ̀yìn. Wọ́n ti yọ mí kúrò nínú WhatsApp ẹgbẹ́. Ẹ sọ òótọ́ fún mi, ṣé mo ṣì í sọ ni? Ṣé èèyàn ò lè fẹ́ràn sọ́jà kó tún fẹ́ kí ogun tán ni?

* * *

Àbúrò, pẹ̀lẹ́. Èmi ni mo máa kọ́kọ́ dáhùn torí òjò ń rọ̀ ní Kétu níbí látàárọ̀, kò sí onízẹ́mì (àwọn tó ń fi alùpùpù gbé èrò) tó gbé alùpùpù ẹ̀ wá fún títúnṣe, mo kàn jókòó ti ṣọ́ọ̀bù ni. Wọn ò yọ ẹ́ torí ogun o. Torí tíṣáàtì ni. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti san àsansílẹ̀ fẹ́ni tó máa tẹ̀ ẹ́, ìwọ wá ń bọjà jẹ́.

Àmọ́ ìbéèrè ẹ gidi ni. Lórí bẹ́ǹṣì tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi níbí, a ti jà á débi pé àwọn onízẹ́mì méjì ò bára wọn sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kí ọ̀kan tó wá yá táyà èkejì lọ́ranyàn. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ máa sọ ni mo ti gbọ́ tán. Àwọn kan ní iṣẹ́ tí sọ́jà yàn nìyẹn, kó ṣe é. Àwọn kan ní ká kàn máa gbàdúrà. Àwọn kan á ní ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ pa gbogbo wọn lọ́jọ́ kan, kọ́rọ̀ ó tán, àwọn tó sì ń sọ èyí, mo ti wò wọ́n dáadáa, wọn kì í ní ọmọ níbẹ̀. Àwọn kan tún wà tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá ti dárúkọ ogun, Faransé ni wọ́n máa kọ́kọ́ bú, ẹ ò ní gbọ́ nǹkan mìíì lẹ́nu wọn títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Èmi kì í ṣe ẹni tó jókòó sọ́nà jíjìn o. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà lókè níbẹ̀. Torí náà tí mo bá ń bínú nínú ọ̀rọ̀ mi, ẹ má bínú.

* * *

Ẹnì kan béèrè pé ogun wo gan-an. Háà, àbúrò, orílẹ̀-èdè wo lẹ ń gbé? Ó dáa, mi ò ní bú yín, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní ìsàlẹ̀ kì í gbọ́ àfi tó bá ti pọ̀.

Lóṣù Karùn-ún 2019 wọ́n jí àwọn Faransé méjì tó wá wo ẹranko gbé nínú igbó Pendjari, wọ́n pa ọmọ Bẹ̀nẹ̀ tó ń fọ̀nà hàn wọ́n. A ní àwọn ará Burkina ló wá ṣe é, wọ́n ti lọ. Lálẹ́ ọjọ́ kìíní mọ́jú ọjọ́ kejì oṣù Kejìlá 2021 wọ́n wá kọlu àwọn sọ́jà wa gan-an ní Porga, sọ́jà 2 kú. Nígbà tí 2022 bẹ̀rẹ̀, ìjọba dá iṣẹ́ ogun tí wọ́n pè ní Mirador sílẹ̀, wọ́n kó sọ́jà bí 3000 lọ sí ààlà lọ́hùn-ún, Atacora àti Alibori. Àwọn JNIM, ẹgbẹ́ jìhádíìsì tí wọ́n ń bá jà yìí, láti Mali ni wọ́n ti wá, wọ́n gba Burkina kọjá. Láti 2023 tí àwọn sọ́jà ti gbàjọba ní Niger la ò ti sí ní ìfọwọ́sowọ́pọ̀ pẹ̀lú àwọn ará ibẹ̀ mọ́, àwọn yẹn ń sọ pé a fi Faransé pamọ́ síhìn-ín, tiwa ní irọ́ ni, ààlà wà ní títì, ọ̀tá wá ń ríbi gbà kọjá láàárín àwa méjèèjì. 8 oṣù Kìíní 2025, ẹni 28 kú nínú àwọn sọ́jà wa. Oṣù Kẹrin ọdún kan náà ló wá burú jáì, mo máa dé ibẹ̀.

* * *

Ọ̀gá kan láti Sàkété kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé sọ́jà ń gbowó oṣù, kò sẹ́ni tó fipá mú un, pé òun náà ń ṣiṣẹ́, kò sẹ́ni tó tẹ tíṣáàtì fóun rí. Ọ̀gá, ẹ pa mí lẹ́rìn-ín o. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ bí yíyàn yẹn ṣe rí.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣe báàkì, ìdánwò àṣejáde girama, ó yege, ó wáṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta, kò rí, ó gun zẹ́mì mi kan fún oṣù mẹ́jọ, ó ń mówó wá fún mi lálaalẹ́ láì yọ fáránkì kan. Nígbà tí wọ́n ní wọ́n ń gba sọ́jà, ó lọ. Ẹ lè pè é ní yíyàn. Èmi náà pè é bẹ́ẹ̀, mo tiẹ̀ ra bàtà tó fi múra sílẹ̀ fún ìdánwò eré sísá. Ìgbà tí wọ́n rán an lọ sókè ni mo tó mọ̀ pé bàtà yẹn wúwo lọ́rùn mi.

Oṣù méjì méjì ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń di àpò ránṣẹ́ sí i. Àpò ìrẹsì tó ti fọ̀, tó gbẹ. Gàrí tó tún yan kó lè dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, ata gbígbẹ tó lọ̀ mọ́ iyọ̀, ẹ̀pà yíyan nínú ike omi, òrí nínú agolo torí ẹsẹ̀ tó máa ń sán lásìkò ọyẹ́. Á wá fi abẹ́rẹ́ ńlá rán ẹnu àpò yẹn, ìlà méjì, á ní kí n kọ orúkọ ọmọ sí i lára níbi mẹ́ta, tí ọ̀kan bá pa rẹ́, tí ìkejì bá pa rẹ́. Mọ́tò á gbé e dé Pàràkú, ẹnì kan á gba á níbẹ̀ dé Kándì, láti Kándì lọ, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀. Ó pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún nígbà kan kó tó dọ́wọ́ ẹ̀. Ó ní òun pẹ̀lú àwọn mẹ́fà kan jẹ gàrí yẹn tán lálẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo, ata ni wọ́n fi pamọ́. Ó ní oúnjẹ tó bá ti ń jọra lójoojúmọ́, ata nìkan ló lè yí i padà.

Èmi rò pé ohun tó ń jẹ́ kéèyàn wà lẹ́yìn sọ́jà nìyẹn. Ata.

* * *

Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi lórí ọ̀rọ̀ ata. Ẹnì kan láti Pobè ní àwọn ń sọ̀rọ̀ ogun, mò ń sọ̀rọ̀ ọbẹ̀. Ó ní ohun tí sọ́jà nílò ni kí gbogbo ìlú máa fohùn kan ṣoṣo sọ̀rọ̀, ká má máa béèrè, ká má máa ka òkú, torí tí ọ̀tá bá gbọ́ pé a ń sunkún inú wọn á dùn.

Bàbá Pobè, mo gbọ́ yín, kì í ṣe ọ̀rọ̀ wèrè lẹ sọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n gbé yín wá sílé ẹ̀gbọ́n mi lóṣù Kẹrin 2025.

Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Àjíǹde ni, 17 oṣù Kẹrin. Wọ́n kọlu àwọn sọ́jà wa níbi méjì nínú igbó W, ní ìhà ibi omi Koudou pẹ̀lú ibi tí Bẹ̀nẹ̀, Burkina àti Niger ti pàdé. Ìròyìn àkọ́kọ́ tó jáde, wọ́n ní 8 ló kú. Lórí fóònù, wọ́n ní 30. Onízẹ́mì kan dé, ó ní 70 lòun gbọ́, àwọn JNIM fúnra wọn ló gbé 70 yẹn jáde. Ọjọ́rú, 23 oṣù yẹn, ni agbẹnusọ ìjọba tó bọ́ síta pé 54 ni. Ẹ kà á. Ọjọ́ mẹ́fà.

Láàárín ọjọ́ mẹ́fà yẹn, fóònù ọmọ ò lọ. Ẹ̀gbọ́n mi gbé fóònù tiẹ̀ lé orí odó tó dojú dé nínú àgbàlá, torí ibẹ̀ nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń dúró, ó gbé àpótí sẹ́gbẹ̀ẹ́ odó ó jókòó. Kò gún iyán, kò gún elùbọ́, odó ti di ilé fóònù. Tí nọ́ńbà tí ò mọ̀ bá pè, kì í fẹ́ gbé e, èmi ni mo máa ń gbé e. Ẹni tó ń ta káàdì pè, ẹni tó ṣi nọ́ńbà pè, obìnrin kan láti ìjọ pè pé báwo ni àwọn ṣe máa ṣe ti àsè Àjíǹde. Ọjọ́ Àìkú lọ́sàn-án ni ọmọ tó pè, kò pé ìṣẹ́jú kan. Ó ní, "Ìyá, mo wà láyé." Ó wá béèrè bóyá ewúrẹ́ ti bí. Ewúrẹ́ ò tíì bí. Ẹ̀gbọ́n mi ní ó ti bí, méjì, abo ni méjèèjì.

Nítorí náà, Bàbá Pobè, nígbà tẹ́ ẹ bá ní ká má ka òkú kí ọ̀tá má gbọ́, ẹ rántí pé àwọn tó pa wọ́n mọ iye tí wọ́n pa. Àwa nìkan la ò mọ̀. Tí wọ́n bá sọ 54 lọ́jọ́ kejì, 70 ò ní ríbi rìn dé Kétu.

* * *

Ọ̀rọ̀ kékeré kan kó tó di pé mo gbàgbé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fi fídíò òkú ránṣẹ́ pẹ̀lú "ẹ wo ohun tí wọ́n ṣe fáwọn ọmọ wa", ẹ jọ̀ọ́. Àwọn tó pa wọ́n ló ya fídíò yẹn, àwọn ló fẹ́ kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́. Mo rí ọ̀kan nínú WhatsApp àwọn onízẹ́mì, mo sáré gba fóònù ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kejì kó tó rí i, bàtà kan ló hàn dáadáa, mo sì ń wo bàtà yẹn bíi wèrè, bóyá èyí tí mo rà ni. Sọ́jà kì í wọ bàtà eré sísá lọ sójú ìjà, mo mọ̀. Mo ṣì wò ó.

* * *

Ọmọ yunifásítì kan ní Kútọnu gbé ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà wá. Ó ní níbẹ̀, wọ́n máa ń lẹ rìbọ́ọ̀nù aláwọ̀ ìyeyè mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò fáwọn sọ́jà, síbẹ̀ wọ́n ń bá ìjọba jà pé kí ogun Iraq parí, torí náà ìbéèrè àbúrò Àjàṣẹ́ ti pẹ́ láyé. Òótọ́ ni. Lọ́dún 2007, ogun yẹn ti pé ọdún mẹ́rin, bíi tiwa báyìí, àwọn aṣòfin wọn kọ owó àwọn sọ́jà àti ìgbà tí wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ wálé sínú ìwé kan náà. Ààrẹ Bush kọ̀, kò fọwọ́ sí i, 1 oṣù Karùn-ún ni, àwọn tiẹ̀ ní tẹ́ ẹ bá ti dá ọjọ́, ọ̀tá á kàn jókòó dè yín. Àwọn tọ̀hún ní tẹ́ ò bá dá ọjọ́, ẹ ò ní lọ láéláé. Ẹ wo ọ̀nà tí wọ́n fi jà á, owó sọ́jà wà nínú ìwé yẹn.

Ta ló wá jàre? Wọ́n kúrò ní Iraq lóṣù Kejìlá 2011, nígbà tó di 2014 àwọn jìhádíìsì ISIS gba Mosul, ìlú ńlá kan níbẹ̀, sọ́jà Amẹ́ríkà tún padà lọ. Ní Afghanistan wọ́n lo 20 ọdún, 15 oṣù Kẹjọ 2021 Taliban wọ Kabul bí ẹni wọ pálọ̀ bàbá ẹ̀. Ẹni tó bá ní àìlọ ló dáa, ó ní ẹ̀rí. Ẹni tó bá ní àìdúró ló dáa, òun náà ní ẹ̀rí.

Ṣùgbọ́n níbi tí mo ti yapa kúrò lọ́dọ̀ ọmọ yunifásítì wa nìyí o. Sọ́jà Amẹ́ríkà nílé tó lè padà sí. Tiwa tó bá fi Karimama sílẹ̀, ibo ló ń padà sí? Kándì. Tó bá kúrò ní Kándì ńkọ́? Pàràkú. Mo mọ ibi tí títì yẹn ń gbà kọjá láti Pàràkú wá sísàlẹ̀, Sábẹ ló ń gbà. Lápá ọ̀hún náà, nígbà tí oṣù Kẹwàá 2025 ń parí lọ, JNIM ní àwọn ti kọlu sọ́jà Nàìjíríà ní ìpínlẹ̀ Kwara, Kwara tá a ń bá ná ọjà. Torí náà ẹni tó bá ní kí wọ́n kó sọ́jà kúrò lókè lọ́la, kí ogun parí, èmi ò sí lẹ́yìn ẹ̀. Kò ní parí. Á kàn rìn wá bá wa ni.

Ẹ rí i báyìí, àbúrò Àjàṣẹ́? Mi ò fẹ́ kí wọ́n kúrò, mo sì fẹ́ kí wọ́n wálé. Gbogbo ọ̀rọ̀ náà rèé.

* * *

Bàbá àgbà kan láti Sábẹ (mo mọ ohùn wọn lórí ìkọ̀wé, wọn kì í fi àmì sí i) ní kí lẹ ń sọ Amẹ́ríkà fún, ṣé Yorùbá ò jagun pẹ́ rí ni? Wọ́n gbé Kírìjì wá. Bàbá, ẹ ṣeun, torí Kírìjì yẹn ni mo ti ń rò látàárọ̀.

1877 ló bẹ̀rẹ̀, Ìbàdàn lápá kan, Èkìtìparapọ̀ lápá kejì, ìró ìbọn ni wọ́n fi sọ ogun náà lórúkọ. Ó pẹ́ débi pé Ààrẹ Látòósà, olórí ogun Ìbàdàn, kú síbùdó ní 1885. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tó bẹ̀rẹ̀ ti tó gbébọn kó tó tán. Àdéhùn wà ní 1886, Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ fọwọ́ sí i, ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé tí wọ́n bá ti fọwọ́ síwèé ó ti parí, ẹ gbọ́ o, Ìlọrin ò kúrò lára Ọ̀fà, ọ̀rọ̀ Modákẹ́kẹ́ ò yanjú, 1893 làwọn jagunjagun tó padà sílé pátápátá. Ọdún méje lẹ́yìn ìwé. Ohun tó sì dá ìwé yẹn dúró kì í ṣe pé wọn ò fẹ́ràn àwọn ọmọ ogun wọn. Ta ló máa kọ́kọ́ kó ẹrù ni. Olúkúlùkù ní bóun bá yí ẹ̀yìn padà, ẹnì kejì á lé òun bá.

Ṣùgbọ́n Bàbá Sábẹ ò gbé ẹlẹ́ẹ̀kejì wá, torí Kétu ni, èmi ni mo ni ín. 1886 yẹn náà, ọdún táwọn kan ń fọwọ́ síwèé lápá ọ̀hún, ni Dàhòmì kó Kétu. Wọ́n ti kọ́kọ́ wá ní 1883. Ìlú tó ní yàrà, tó ní odi, tó ní Akaba Ìdènà tó ṣì dúró títí dòní, táwọn òyìnbó ń wá ya fọ́tò ẹ̀. Wọ́n sun ún, wọ́n kó èèyàn lọ sí Àbọ̀mé, ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Béhanzin, ọba Dàhòmì, làwọn tó ṣẹ́kù tó padà wá tún un tẹ̀ dó. Nílé wa, wọn kì í sọ̀rọ̀ ogun yẹn pẹ́. Ìyá bàbá mi kàn máa ń sọ pé ẹ ti ìlẹ̀kùn, ẹ ti ìlẹ̀kùn, kódà lọ́sàn-án. Torí náà ẹ má kọ́ ọmọ Kétu pé ẹni tó ń ṣọ́ ẹnubodè ò ṣe pàtàkì.

* * *

Ó kan ọ̀rọ̀ tó máa dá ìjà sílẹ̀. Obìnrin kan béèrè pé ṣé ká bá wọn sọ̀rọ̀ ni, àwọn jìhádíìsì yìí. Ìdáhùn mẹ́tàdínlógún ló tẹ̀ lé e, mẹ́rìndínlógún jẹ́ èébú. Màdáámù, ẹ pẹ̀lẹ́.

Ní Mali, wọ́n dó ti abúlé Farabougou lóṣù Kẹwàá 2020, sọ́jà dé ibẹ̀, ìdótì ò tú. Ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn àgbà ló bá wọn jókòó tí wọ́n jọ ṣàdéhùn kí wọ́n tó lè lọ sóko. Ẹ má rò pé ọ̀fẹ́ ni, ẹni tó gbébọn lọ́wọ́ ló ń sọ bí àdéhùn bẹ́ẹ̀ ṣe máa rí. Mi ò fẹ́ irú ẹ̀ ní Banikoara. A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, ká má tíì sọ ti igbó.

Ṣùgbọ́n ẹni tá a lè bá sọ̀rọ̀ kì í ṣe ọ̀gá wọn tó wà ní aṣálẹ̀ lọ́hùn-ún nìkan. Àwọn ọmọ tó ń bá wọn gbé epo, tó ń bá wọn ra búrẹ́dì, tó ń sọ fún wọn ọ̀nà tí sọ́jà gbà, ọmọ ibẹ̀ ni díẹ̀ nínú wọn. Kí ló mú wọn wọ̀ ọ́? Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá ti ṣòwò dé Tanguiéta: wọ́n ní igbó tí baba wọn fi ń dẹ̀gbẹ́ ti di ti ẹranko nìkan, darandaran ní ibi tóun ń kó màlúù gbà ti di ẹ̀ṣẹ̀, ọjà ààlà kú, epo fàyàwọ́ kú. Ẹni tí ebi ń pa, tẹ́nì kan wá gbé alùpùpù tuntun fún. Èmi tún alùpùpù ṣe o, mo mọ ohun tí alùpùpù tuntun lè ṣe fún ọkàn ọmọ ogún ọdún.

Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ yé pe gbogbo Fúlàní ní jìhádíìsì. Fúlàní tó ń kó wàrà wá fún wa ní Kétu níbí láti ọdún tí mo ti ń kọ́ṣẹ́, ọmọ ẹ̀ obìnrin ní wọ́n lé òun sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò lójú ọ̀nà torí ìbòrí ẹ̀. Ọmọ yẹn ní àbúrò ọkùnrin tó jẹ́ ọdún mẹ́rìndínlógún. Ẹ ń bá ẹni tẹ́ ẹ ní ẹ ń bá jà ṣa ọmọ ogun jọ.

* * *

Ẹnì kan ní ṣé mo gbọ́ pé ohun tí mò ń sọ yìí náà làwọn tó fẹ́ gbàjọba sọ. Mo mọ̀ pé ẹ máa dé ibẹ̀. 7 oṣù Kejìlá 2025, ọjọ́ Àìkú, àwọn sọ́jà kan bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ní ààbò ti bàjẹ́ lókè, ìjọba ò bìkítà fáwọn sọ́jà tó kú àti ìdílé wọn. Ilẹ̀ ò ṣú táwọn sọ́jà ìjọba fi borí wọn, Nàìjíríà ràn wá lọ́wọ́. Èmi wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, fóònù ń gbọ̀n lápò gbogbo èèyàn, àlùfáà náà rí i pé kò sẹ́ni tó ń gbọ́ tòun mọ́.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Mi ò sí lẹ́yìn ẹni tó bá fi ìbọn tí ìlú rà fún un gbàjọba ìlú. Sọ́jà tó fi ojú ìjà sílẹ̀ wá sí Kútọnu wá kàwé lórí tẹlifíṣọ̀n, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló fi sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n tí olè bá ní òjò ń rọ̀, ṣé torí pé olè ló sọ ọ́ ni máa ṣe sá aṣọ síta? Ọ̀rọ̀ àwọn opó yẹn ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó gbé e sẹ́nu. Ká ní àwa ará ìlú ti ń béèrè ẹ̀ ní gbangba látọjọ́ yìí ni, kì bá tí di ohun tẹ́ni tó gbébọn máa gbà sọ.

* * *

Ó wálé fún ìsinmi lẹ́yìn ọdún tuntun, ọmọ wa. Ọjọ́ mẹ́wàá. Ara ẹ̀ le, ó ga sí i lójú mi, ó ń jẹun. Àwọn ọmọdé ń tẹ̀ lé e kiri. Ọjọ́ kẹta ni mo tó ṣàkíyèsí bó ṣe ń rìn. Láti ilé wọn sí ṣọ́ọ̀bù mi, ilẹ̀ pupa ni, kò sí ọ̀dà, kò ju ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ojú ipa táyà zẹ́mì ló ń tẹ̀. Ibi tí táyà bá yà sí lòun náà máa yà sí, bó bá tiẹ̀ mú un jìnnà sí ibi tó ń lọ. Nínú àgbàlá ìyá ẹ̀, tí wọ́n bá ti gbálẹ̀ láàárọ̀ tí ojú ìgbálẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, á dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ẹlòmíì á fi kọ́kọ́ rìn kọjá. Mi ò bi í. Bọ́ǹbù inú ilẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n mi ò bi í náà, ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í jí ṣáájú ẹ̀ láàárọ̀, á gbálẹ̀ tán, á wá fi ẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn láti ẹnu ọ̀nà dé ilé ìwẹ̀, ó máa lọ ó máa bọ̀, kí ọmọ tó jáde.

Mo bi í léèrè tìẹ, àbúrò Àjàṣẹ́. Mo ní tẹ́nì kan bá ní kí ogun parí, ṣé ó dùn yín lójú ìjà? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àbúrò ìyá mi, àwa gan-an la máa ń sọ ọ́ jù." Ó ní ohun tó ń dun àwọn ni kí wọ́n dé Kútọnu kí wọ́n rí i pé àwọn èèyàn ò mọ̀ pé ogun wà.

* * *

Mo rí i pé àbúrò Àjàṣẹ́ ti padà wá, ó ní wọ́n ti dá òun padà sínú WhatsApp ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n tíṣáàtì ṣì wà lórí ètò, òun ò sì mọ̀ bóyá kóun san 2000 yẹn. San án. Má bá wọn jà lórí aṣọ, inú ẹgbẹ́ lo ti lè béèrè nǹkan, ìta kọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá máa wọ̀ ọ́, kí o dìde bi wọ́n pé nínú gbogbo àwa tá a wọ tíṣáàtì yìí, ta ló mọ ilé opó sọ́jà kan ní Àjàṣẹ́ yìí? Tí ẹnì kan bá mọ̀, ẹ lọ síbẹ̀ pẹ̀lú tíṣáàtì yẹn lọ́rùn, kẹ́ ẹ ru ìrẹsì dání. Kí o sì bi aṣòfin àdúgbò yín, nígbà tó bá wá bá yín ya fọ́tò, pé ìgbà wo lòun béèrè nílé aṣòfin bí ogun yìí ṣe máa parí. Jẹ́ kó dáhùn kó tó jókòó.

Bàbá Pobè ti fi ohùn ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀. Wọn ò gbà fún mi lórí ọ̀rọ̀ òkú kíkà. Wọ́n ní àwọn máa fi ẹ̀pà sí àpò náà.

Ọjọ́ Ẹtì ni mọ́tò máa gbé àpò yìí. Gàrí ti wà, ata ti wà, òrí ti kún agolo. Ọmọ wa ní kẹ́ ẹ má fi ọṣẹ sí i mọ́, ó ń rùn mọ́ gàrí. Tàǹtí kan ní Ìtà-Ògbọ́n ti ní òun á mú iyọ̀ wá. Ẹni tó bá ní ike omi tí ìdérí ẹ̀ ṣì le, kó gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù kó tó di Ọjọ́bọ̀ ìrọ̀lẹ́, torí ẹ̀gbọ́n mi ti mú abẹ́rẹ́ jáde.